Àmàlà yẹn dùn, ẹ jẹ́ n wá sọ ìyókù

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bi mí pé ibo ni mo ti ń jẹ àmàlà n'Íbàdàn, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ tán lónìí. Mi ò ní dárúkọ ṣọ́ọ̀bù náà o. Ìyá tó ni ín kì í ṣèèyàn burúkú, tí n bá sì dárúkọ ẹ̀, ọ̀la lẹ máa ya lọ síbẹ̀ lọ bú u, tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ẹ ti gbàgbé, òun nìkan ló máa kù sínú ẹ̀. Àti pé ohun tí mo rí níbẹ̀, mo ti rí i ní bùkà míì kó tó kan tiwọn.

Oúnjẹ ṣá ni ká kọ́kọ́ sọ, torí òun ló gbé mi débẹ̀. Ó dùn, mi ò lè parọ́. Àmàlà dúdú, èlùbọ́ iṣu gidi, kì í ṣe ti àwọn tó ń po láfún mọ́ ọn kó lè pọ̀, ó rọ̀, tó o bá bù ú kò ní lẹ̀ mọ́ ẹ lọ́wọ́. Ẹ̀wà tí wọ́n fi ń se gbẹ̀gìrì, wọ́n máa ń bó o dáadáa, ó jọ̀lọ̀, kì í jóná nídìí. Ewédú, ìjábẹ̀ ni wọ́n fi ń ja á lẹ́yìn ilé, mo fojú ara mi rí i, kò sí ọ̀rọ̀ bulẹ́ńdà níbẹ̀, ẹni tó mọ ewédú mọ ìyàtọ̀. Ata ẹ̀ ta jù díẹ̀ fún èmi o, àmọ́ àwọn tá a jọ ń lọ ní bó ṣe yẹ kó ta nìyẹn. Ògúnfe wọn ló lórúkọ, ṣùgbọ́n tó o bá débẹ̀ lẹ́yìn aago méjì, eegun lo máa bá. Ibi ìgbọ́kọ̀ sí ò sí. Fáànù mẹ́rin, méjì ló ń ṣiṣẹ́. POS wọn máa ń ya wèrè, ẹ kúkú ṣe tíránsífà.

Ìràwọ̀ márùn-ún fún oúnjẹ, mo ti fún wọn, mi ò gbà á padà.

Ó wá ku bí wọ́n ṣe ń ṣe sí obìnrin níbẹ̀. Ọjọ́ kan mo wà lórí ìlà, ó kàn mí, mo ní kí wọ́n fún mi ní ṣíbí méjì pẹ̀lú ògúnfe ₦2,000. Ìyá bu ẹran, ó wo ojú mi, ló bá mú ẹyọ kan padà sínú ìkòkò. Bọ̀ọ̀dá tó wà lẹ́yìn mi, ₦2,000 náà ló pè, tiẹ̀ kún abọ́, wọ́n tún fi eegun tó ní mùdùnmúdùn lé e lórí. Mo ní "Ìyá, ṣé owó tèmi ti ya ni?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní "Ìyàwó mi, ọkùnrin ló ń ṣe wàhálà, ìwọ ṣì máa jẹ nílé." Nílé wo, nígbà tó jẹ́ pé láti aago mẹ́fà àárọ̀ ni mo ti wà nídìí iṣẹ́, bọ̀ọ̀dá yẹn, tẹ́ ẹ bá rí ojú ẹ̀, ó jọ pé orí bẹ́ẹ̀dì ló ti dìde wá. Gbogbo orí ìlà rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ẹ rántí ìyẹn o, torí màá padà síbẹ̀.

Kì í kúkú ṣe Ìyá ló dá a sílẹ̀. Nílé wa, tí wọ́n bá pa adìẹ, bàbá wa ló ni iwe. Tí bàbá ò bá sí nílé, àbúrò mi ọkùnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà ni iwe ń lọ bá. Èmi tí mo tu ìyẹ́ adìẹ yẹn, tí mo fọ ìfun ẹ̀, tí mo dúró ti iná, ẹsẹ̀ àti orí ló máa ń kàn mí, màmá mi á ní kí n má wọ̀kòkò wò, pé obìnrin kì í ṣọ̀kánjúwà. Mo ti lé ní ọmọ ọgbọ̀n ọdún kí n tó fowó ara mi ra iwe ní ọjà, mo sì jẹ ẹ́ ní kíṣìnnì bí ẹni tó jí i. Ẹ lè rẹ́rìn-ín, èmi náà máa ń rẹ́rìn-ín tí mo bá rántí, ṣùgbọ́n kò pa mí lẹ́rìn-ín nígbà yẹn.

Tó o bá gba oúnjẹ tán, tó o jókòó, ìwọ obìnrin kan ṣoṣo, ìbéèrè á bẹ̀rẹ̀. Ọkọ ńkọ́? Ṣé kò sí nílé ni? Bàbá kan tí mi ò mọ̀ rí sọ ọ́ sí mi létí, kò tiẹ̀ tijú, pé obìnrin tó bá ń jẹun ní bùkà, ẹ lọ wo ìdáná ẹ̀. Mo wo yíká ṣọ́ọ̀bù. Ọkùnrin ló kún ibẹ̀ fọ́fọ́, aago kan ọ̀sán, òun náà wà níbẹ̀ tó ń lá ìka, kò sẹ́ni tó béèrè pé kí ló ṣe ìdáná tiẹ̀. Lẹ́yìn ilé, obìnrin mẹ́fà ló ń ro àmàlà nínú èéfín.

Wọ́n ní rédíò kan lókè fíríìjì. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, ìgbà tí ilé ẹjọ́ gíga l'Ábújá dájọ́ ikú fún ọkọ Osinachi Nwachukwu, akọrin ìhìnrere tó kú ní 2022, pé òun ló fa ikú ìyàwó ẹ̀, ibẹ̀ ni mo wà tí wọ́n ń ka ìròyìn ẹ̀. Ẹ gbọ́ bí ọ̀rọ̀ ṣe lọ. Ẹnì kan ní ìdájọ́ yẹn ti le jù. Òmíì ní ṣùgbọ́n obìnrin yẹn náà, kí ló dé tí kò kúrò ńbẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń se oúnjẹ gbórí wọlé láti ẹ̀yìn, ó ní "Kó kúrò kó lọ síbo? Tó bá délé bàbá ẹ̀ wọn ò ní ní kó padà?" Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Wọ́n bọ́ sórí ọ̀rọ̀ epo bẹntiróòlù. Mo wo ọwọ́ ìyá tó gbórí wọlé yẹn bó ṣe ń padà sẹ́yìn, ó na ọwọ́ aṣọ ẹ̀ sísàlẹ̀, n kì í fẹ́ máa ro ohun tí mi ò rí, àmọ́ oòrùn ọjọ́ yẹn ò jọ èyí tí wọ́n ń wọ ọwọ́ gígùn sí.

Ìyẹn náà mo dákẹ́. Mo jẹun mi, mo lọ.

Èyí tó mú mi kọ ọ̀rọ̀ yìí, ọjọ́ Jímọ̀ kan ni, aago kan kọjá díẹ̀. Tábìlì kan wà láàárín, abẹ́ fáànù tó ń ṣiṣẹ́ jù, àwọn ọkùnrin mẹ́fà kan ló ni ín, kò sẹ́ni tó ń jókòó síbẹ̀ kódà kí wọ́n má tíì dé. Ọmọbìnrin tó ń gbé oúnjẹ, á ti lé ní ọmọ ogún ọdún díẹ̀, ó gbé tíréè, abọ́ mẹ́rin, abùlà tó gbóná. Ó fẹ́ gba ẹ̀yìn wọn kọjá. Ọ̀kan nínú wọn, ẹni tó ti ń hewú, kò tiẹ̀ yíjú wò ó, ọ̀rọ̀ Arsenal ló ń bá lọ, ó kàn na ọwọ́ òsì sẹ́yìn, ó gbá a nídìí, pàá, bí kọ̀ńdọ́ ṣe máa ń gbá ara bọ́ọ̀sì pé kó máa lọ. Tíréè mì. Gbẹ̀gìrì dà sí i lọ́rùn ọwọ́. Mo rí bó ṣe fi eyín di ètè mú, kò ju abọ́ sílẹ̀, torí abọ́ tó bá fọ́, owó ojúmọ́ ẹ̀ ni wọ́n máa yọ ọ́ nínú ẹ̀. Gbogbo tábìlì hó. Ẹnì kan ní "Ọ̀gá, ẹ rọra o, ìyàwó yín ń bẹ nílé!" Ìyá gbójú sókè láti ìdí ìkòkò, ó ní "Ìwọ náà rẹ́rìn-ín, ṣé wọn ò lè bá ẹ ṣeré ni?" Ọmọ yẹn rẹ́rìn-ín. Lókè orí ẹ̀, lára ògiri, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà pé KỌ́SÍTỌ́MÀ NI ỌBA. Ọ̀gá yẹn yọ ₦500, ó ní kó fi ra ìpara.

Èmi ńkọ́? Ṣàkì wà lẹ́nu mi. Mo rún un, mo gbé e mì.

Ẹ má wá sọ pé àgbàlagbà ni ọ̀gá yẹn, kò mọ̀ pé kò dáa. Ó mọ̀ ọ́n. Ìyá lọ́mọ obìnrin kan tó wà ní poly, tó máa ń wá ràn án lọ́wọ́ lọ́jọ́ Sátidé, tíréè kan náà ló ń gbé, ẹ̀yìn tábìlì yẹn kan náà ló ń gbà. Ọwọ́ gbogbo wọn máa ń wà nínú abọ́. "Ọmọ Ìyá, ṣé dáadáa ni, ìwé ńkọ́?" Mo ti jókòó tì wọ́n tó láti rí i ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Mo bá ọmọ tí wọ́n gbá yẹn níbi ẹ̀rọ omi tá a ti ń fọwọ́. Mo ní pẹ̀lẹ́. Ó ní "Kò sí nǹkan kan, Àǹtí, ó ti mọ́ mi lára." Mo ní ṣé ó ti sọ fún Ìyá rí. Ó ní ẹni tó wà níbẹ̀ ṣáájú òun ló sọ, wọ́n ní kó máa lọ sílé pé ojú ẹ̀ le jù, kò lè bá èèyàn ṣòwò. Ó bu omi tútù sọ́wọ́ ẹ̀, ó padà wọlé.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e mo lọ bá Ìyá fúnra ẹ̀, mo mọ̀ọ́mọ̀ lọ láago mọ́kànlá kí èrò tó dé. Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn dáadáa, mo ní "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi." Mo sọ ọ́. Mo rò pé wọ́n máa lé mi jáde, wọn ò lé mi. Wọ́n ń ṣa ẹ̀wà lọ. Wọ́n ní "Ìyàwó mi, nígbà tí èmi ń kiri ìrẹsì ní Dùgbẹ̀, tí wọ́n bá ní kí n sọ̀ igbá, ọwọ́ mi méjèèjì wà lórí igbá, ṣé o mọ ibi tí ọwọ́ tiwọn máa ń wà?" Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "A ò kú. Tábìlì yẹn tí o ń wò un, tí wọ́n bá dìde lọ síbòmíì, ta ló máa bá mi ra gáàsì?"

Mo ní òfin wà. Mo sọ fún wọn pé èyí tí wọ́n ń pè ní VAPP, òfin tó ka ìwà ipá sí èèyàn léèwọ̀, ìjọba àpapọ̀ ti ṣe é láti 2015, pé ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ náà ti ṣe tiwọn lẹ́yìn ẹ̀, pé kì í ṣe ìfipábánilòpọ̀ nìkan ló wà nínú ẹ̀, nína ìyàwó wà níbẹ̀, lílé èèyàn jáde nílé wà níbẹ̀, fífi owó ni èèyàn lára wà níbẹ̀, fífìyà jẹ opó náà wà níbẹ̀. Mo ní l'Ékòó, òfin ìwà ọ̀daràn wọn ti 2011 ní ẹni tó bá ń fi ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀ da ẹlòmíì láàmú lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta jura. Ìyá gbọ́ mi dópin, wọ́n wá fi ẹnu júwe tábìlì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ọlọ́pàá méjì ló jókòó síbẹ̀, wọ́n tètè dé lọ́jọ́ yẹn, wọ́n ń jẹ àbọ̀dì.

Ẹ jàre, mi ò ní èsì.

Ní December 2018, nígbà táwọn obìnrin tí Damilola Marcus kó jọ fẹsẹ̀ rìn wọ ọjà Yábàá pé kí wọ́n yé fọwọ́ fà wọ́n, pé obìnrin tó wá ra bàtà kì í ṣe ẹni tó wá kí wọ́n fọwọ́ di òun nídìí mú, ṣe làwọn ọmọ ọjà ń hó lé wọn lórí. Mo wo fídíò ẹ̀ lórí fóònù nígbà yẹn, mo ní kí làwọn yìí tiẹ̀ ń wá ná, ṣé wọn ò lè lọ ra ọjà níbòmíì ni. Èmi obìnrin ni mo sọ bẹ́ẹ̀ o. Mo ti ń gba ọjà yẹn kọjá fún ọ̀pọ̀ ọdún, màá gbé báàgì sẹ́yìn bo ìdí, màá gbé ìgbọ̀nwọ́ síta, mo rò pé bí gbogbo èèyàn ṣe ń rìn nìyẹn. Ọkọ mi ló bi mí lọ́jọ́ kan pé kí ló dé tí mo máa ń rìn bí ẹni tó fẹ́ jà tá a bá dé ọjà. Kò mọ̀. Ṣé ẹ gbọ́, odindi ọkùnrin, a ti fẹ́ra fún ọdún méje, kò mọ̀ pé a máa ń rìn bẹ́ẹ̀.

Mo padà lọ jẹ àmàlà náà lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá, ẹ má bú mi, oúnjẹ ni. Ògúnfe ₦2,000, Ìyá kún un fún mi, ó wò mí lójú bó ṣe ń kún un. Tábìlì àárín wà níbẹ̀, àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pé, ọ̀gá yẹn ń rojọ́ bọ́ọ̀lù. KỌ́SÍTỌ́MÀ NI ỌBA ṣì wà lára ògiri. Mo jókòó, mo ń retí, ó pẹ́, nígbà tí abùlà mi máa dé, ó ti tutù, gbẹ̀gìrì ti ń dì lójú. Mo fẹ́ bínú. Mo wá rí ibi tí ọmọ yẹn gbà wá. Kò gba àárín mọ́. Ó jáde láti ìdáná, ó gba ẹ̀yìn ilé, ó yí dúrọ́ọ̀mù omi ká, ó gba ẹnu ọ̀nà ìta wọlé, tíréè lórí ọwọ́ méjèèjì. Mo bi í. Ó ní Ìyá ló ní kóun máa gba ibẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá lọ tẹ́ ẹ bá oúnjẹ tútù, ẹ má bá ọmọ yẹn jà. Sábísì, ìràwọ̀ kan.