Ẹ̀rọ ìlọ pẹ́ńtì tí mo rà: oṣù mẹ́jọ rèé

Kí n tó sọ ti ẹ̀rọ yìí, ẹ jẹ́ kí n sọ ti èyí tí mo ń lò tẹ́lẹ̀, torí òun ló kọ́ mi lọ́gbọ́n. Ìbàdàn ni mo wà, pẹ́ńtì ni mo ń ṣe, bọ́kẹ́ẹ̀tì díẹ̀ díẹ̀, kì í ṣe ilé iṣẹ́ ńlá. Ẹmọ́ṣọ̀n, pẹ́ńtì olómi tí a fi ń kun ògiri, ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí gílọ́ọ̀sì funfun, pẹ́ńtì tó ń dán, wọ̀ mí lójú, mo ní kí wẹ́dà kan fi páìpù irin ńlá ṣe dúrọ́ọ̀mù tó ń yí fún mi, mo wá ra bọ́ọ̀lù irin tí wọ́n tú lára bíárín àlòkù dà sínú rẹ̀. Mo lọ títáníọ̀mù, ìyẹ̀fun tó ń sọ pẹ́ńtì di funfun, nínú rẹ̀ mọ́jú. Ìgbà tí mo ṣí i, funfun tí mò ń retí ti di àwọ̀ eérú.

Ayédèrú títáníọ̀mù ni mo rò pé wọ́n tà fún mi. Mo wọkọ̀ lọ sí Ọjọ́ta l'Ékòó, mo sì dójú ìjà kọ ìyá tó tà á. Ìyá náà ò tiẹ̀ bá mi fà á. Ó bu díẹ̀ nínú àpò kan náà sínú ife, ó da résìn, oje tó ń mú pẹ́ńtì lẹ̀, lé e, ó fi igi rò ó. Funfun báláú. Ó wá wò mí lójú, ó ní, "Kí ni ìwọ fi lọ tìẹ, ọmọ mi?" Bọ́ọ̀lù irin ló ń jẹ ara wọn sínú pẹ́ńtì mi. Ojú tì mí débi pé mo ra àpò mìíràn tí n kò nílò.

Ìyẹn ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan l'Ékòó níbẹ̀ tó máa ń ṣe ẹ̀rọ. Owó tí mo kó fún un lè ra kẹ̀kẹ́ Maruwa àlòkù, èyí tó ṣì ń rìn dáadáa. Ẹ̀rọ tó ṣe fún mi, dúrọ́ọ̀mù ni òun náà, ṣùgbọ́n bíríkì alùmínà ló fi tẹ́ inú rẹ̀ yíká. Amọ̀ funfun líle tí wọ́n sun ni, ó sì le ju irin tèmi àtijọ́ lọ dáadáa. Bọ́ọ̀lù alùmínà ló wà nínú rẹ̀, wọ́n tó ẹyin àdàbà. Bí wọ́n bá tiẹ̀ jẹ ara wọn, funfun ni ohun tó ń bọ́ lára wọn, kò lè ba funfun jẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ máa ṣe gílọ́ọ̀sì funfun, tó sì ń ronú àti ra oníbọ́ọ̀lù irin torí pé ó dínwó, kó fi owó yẹn ra ewúrẹ́.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ eré rẹ̀ ló jẹ́ kí n gbà pé ọ̀gá yìí mọ iṣẹ́. Èmi rò pé bí dúrọ́ọ̀mù bá ṣe ń yí kíákíá tó, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe lọ nǹkan tó. Mo fi ẹfun sàmì sí ẹ̀gbẹ́ ti àtijọ́, mo kà á: ìgbà 66 ló ń yí ní ìṣẹ́jú kan. Kì í pariwo, mo sì máa ń fi ìyẹn yangàn. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín nígbà tí mo sọ fún un. Dúrọ́ọ̀mù tó fẹ̀ tó ìdajì mítà nínú, bíi tèmi méjèèjì, bó bá ti yí tó nǹkan bí ìgbà 60 ní ìṣẹ́jú kan, ńṣe ni bọ́ọ̀lù máa lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ bí omi ṣe ń dúró sínú korobá tí ọmọdé ń fì yípo. Wọn ò ní já lu ara wọn bó ṣe yẹ, ta ni yóò wá lọ nǹkan? Ìgbà 42 ló ṣe tuntun yìí sí. Bọ́ọ̀lù á gun ẹ̀gbẹ́ dúrọ́ọ̀mù dé èjìká, wọ́n á wá ya lulẹ̀ lé ara wọn lórí. Bí ìgbà tí wọ́n ń da èkùrọ́ sórí páànù ló ń dún, láì sinmi. Ariwo yẹn gan-an ni iṣẹ́ ọ̀hún.

Àpótí kékeré kan tí wọ́n ń pè ní VFD ló ń darí eré náà, ẹ kàn máa yí bọ́tìnnì rẹ̀ ni. Ohun méjì míì ló tún bá mi ṣe. Mọ́tò rẹ̀, 3 hp, iná oníwáyà mẹ́ta (three-phase) ló ń jẹ, iná wáyà kan ṣoṣo ló sì wọ ìsọ̀ mi. VFD yẹn ló ń sọ ọ̀kan di mẹ́ta. Ó tún máa ń rọra gbé mọ́tò dìde, kì í ṣe gìrì lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà jẹnẹrétọ̀ mi tó jẹ́ 5 kVA ń gbé e láìwúkọ́.

Bí a ṣe ń kó nǹkan sínú rẹ̀ ṣe pàtàkì ju ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ lọ. Bọ́ọ̀lù á dé ìdajì dúrọ́ọ̀mù, pẹ́ńtì á kàn bò wọ́n lórí, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ti tèmi ń gba bíi lítà 25. Ẹ má da gbogbo résìn yín sí i. Ìyá àgbà mi máa ń lọ osùn lórí ọlọ fún ọmọ tuntun, kì í bu omi lé e gọbọi. Á ta á sí i ní ẹ̀kán-ẹ̀kán kó lè ki, torí bó bá ti ṣàn, ọmọ ọlọ á kàn máa yọ̀ lórí rẹ̀ ni. Bákan náà ni títáníọ̀mù. Díẹ̀ nínú résìn àti white spirit, epo tí a fi ń mú pẹ́ńtì ṣàn, ni mò ń fi lọ ọ́. Bó bá kúná tán ni mo tó ń bu résìn tó kù sí i, díẹ̀díẹ̀, torí bí ẹ bá rọ́ ọ lù ú lẹ́ẹ̀kan, ó lè tún di horo. Ẹ̀yìn ìyẹn ni dráyà, ohun tó ń jẹ́ kí pẹ́ńtì gbẹ, tó wọlé. Lítà 25 yẹn á wá di bọ́kẹ́ẹ̀tì onílítà 20 mẹ́ta.

Irin Hegman ni mo fi ń wò ó bóyá ó ti kúná. Irin pẹlẹbẹ ni, wọ́n gbẹ́ ojú ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ sí i lára: orí kan jìn ní 100 máíkírọ́ọ̀nù, ó ń fà sókè títí orí kejì kò fi jìn mọ́. Ẹ kán pẹ́ńtì sí ibi tó jìn, ẹ fi abẹ rẹ̀ fà á wá. Ibi tí horo bá ti ń yọjú bí gàrí tí wọn ò kù, ibẹ̀ ni kíkúná rẹ̀ mọ. Nọ́ńbà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ọ̀nà náà: 0 ni ti horo, 8 ló kúná jù. Ẹ̀rọ mi àtijọ́ ò kọjá 4 rí. Tuntun yìí lọ funfun dé 7 láàárín wákàtí mẹ́sàn-án. Pupa tí a fi ń kun irin gbà mí tó wákàtí 14. Dúdú ni kí ẹ má bá mi sọ! Lẹ́yìn wákàtí 24, orí nọ́ńbà 5 ló ṣì wà. Òru méjì ni mo fi ń lọ ọ́ báyìí, epo jẹnẹrétọ̀ sì ti gbé èrè rẹ̀ lọ.

Ìderí rẹ̀ ni mo bá ọ̀gá jà sí. Rọ́bà tíúbù táyà ló gé sí i lẹ́nu. Lọ́sẹ̀ kejì, rọ́bà ti mu white spirit yó, ó wú bí pọ̀nmọ́ tó sùn sómi. Pupa ni mò ń lọ lọ́jọ́ náà. Kí n tó dé láti ibi tí mo ti lọ ra oúnjẹ, dúrọ́ọ̀mù ti ń yí, ó ń fọ́n pẹ́ńtì, ó ti fa ìlà pupa sára ògiri láti ilẹ̀ dé àjà. Ọ̀gá ní èmi ni mo de nọ́ọ̀tì rẹ̀ le jù. A fà á fún ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà tó yá, mo ra rọ́bà nitrile, èyí tí epo kì í tètè mú wú, lọ́dọ̀ àwọn oníspíà páàtì, mo gé e fúnra mi. Láti ìgbà náà, kò jò mọ́. Kí n tún fi kún un pé bí ẹ bá pa á, kí ẹ jẹ́ kó tutù kí ẹ tó ṣí i. Ó ń gbóná nínú, ọjọ́ tí mo kánjú tú nọ́ọ̀tì, ó tu sí mi láyà.

Ìyá alákàrà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ mi ló jẹ́ kí n gbé e lọ sẹ́yìn ilé. Ariwo rẹ̀ ò dà á láàmú, iná àdògán rẹ̀ àti òórùn white spirit ni èmi ń sá fún.

Ẹ̀yin tó jẹ́ pé ẹmọ́ṣọ̀n nìkan lẹ̀ ń ṣe, ẹ má wulẹ̀ rà á. Kálísíọ̀mù, ìyẹ̀fun funfun tí ẹ ń rà sí i, ti kúná láti ilé. Ẹ̀rọ tó ń fi eré rò ó ti tó yín. Mo dán ẹmọ́ṣọ̀n wò lẹ́ẹ̀kan nínú ẹ̀rọ ìlọ yìí, ìfóòfó ló kún inú rẹ̀. Àti pé fífọ̀ rẹ̀ kì í ṣeré. Funfun ni mo máa ń kọ́kọ́ lọ, lẹ́yìn náà yẹ́lò, pupa, dúdú á wá kẹ́yìn. Bí ẹ bá fi dúdú ṣáájú, ẹ ò ní rí funfun lọ lọ́sẹ̀ yẹn.

Ọ̀gá ti pè mí, ó ní àwọn kan fẹ́ ra irú rẹ̀, kí n jẹ́ kí wọ́n wá wò ó lọ́dọ̀ mi. Mo ní kò burú, kí wọ́n wá ní ọjọ́ tí mo bá ń lọ funfun, kí òun sì bá wọn ra rọ́bà gidi.