Ọmọlanke Ẹ̀yìn Kẹ̀kẹ́: Ọmọ Láàárọ̀, Ajílẹ̀ Nírọ̀lẹ́

Bí ìdílé bá ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sọ́gbà nígbà ooru, ẹrù oríṣi méjì ló máa ń wà nílẹ̀: ọmọ tí kò tíì lè dá kẹ̀kẹ́ gùn, àti ohun tí ọgbà ń fẹ́. Tírélà kékeré tí wọ́n ń so mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ ń gbé méjèèjì, ṣùgbọ́n kì í gbé wọn pọ̀. Èyí tí mò ń yẹ̀ wò yìí ní ìjókòó ọmọ méjì, táyà 20 íńṣì méjì, ìsàlẹ̀ tó le àti òrùlé aṣọ. Tí ẹ bá tú ìjókòó kúrò, ọmọlanke gidi ló kù, ìdí tí mo fi ń pè é bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Kílò 45 ni wọ́n kọ sí i lára, ọmọ àti ẹrù lápapọ̀.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ wo ìkọ́ rẹ̀, irin tó ń so ó mọ́ kẹ̀kẹ́. Apá òsì táyà ẹ̀yìn ló ń wà, ní òdìkejì ṣéènì. Bó bá jẹ́ nọ́ọ̀tì ló di táyà mú, sípánà 15 ló sábà máa ń tú u. Wọ́ṣà tó ní eyín gbọ́dọ̀ fara kan irin kẹ̀kẹ́ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀; ìkọ́ ló tẹ̀ lé e, nọ́ọ̀tì ló kẹ́yìn. Ẹni tó bá ti ìkọ́ bọ abẹ́ wọ́ṣà yẹn á rí i pé táyà ń yẹ̀ kúrò nípò. Kí nọ́ọ̀tì náà yí tó ìgbà márùn-ún kí ó tó le. Bí kò bá tó, irin àárín kúrú jù, ẹ wá èyí tó gùn. Kẹ̀kẹ́ tó ń lo thru-axle, irin gígùn tí wọ́n ń yí gba àárín táyà kọjá, lọ́ràn tirẹ̀: ọ̀pọ̀ nípọn tó mílímítà 12, ṣùgbọ́n àlàfo tẹ́ẹ̀dì wọn lè jẹ́ mílímítà 1.0, 1.5 tàbí 1.75. Èyí tí kò bá wọlé wọ́ọ́rọ́, ẹ má fi agbára yí i. Ara kẹ̀kẹ́ ni yóò bàjẹ́.

Tí píìnì tó ń so tírélà mọ́ ìkọ́ bá ti wọlé, okùn ààbò ló kù. Ẹ yí i ká irin kẹ̀kẹ́, kí ẹ kọ́ ọ padà, kí ẹ sì ká ìyókù rẹ̀ kí ó má lọ́ mọ́ wáyà táyà. Ọjọ́ tí píìnì bá yọ, okùn yẹn nìkan ló máa di tírélà mú.

Bí ẹ ṣe to ẹrù ṣe pàtàkì ju bó ṣe wúwo lọ. Ẹ fi òṣùwọ̀n àfọwọ́kọ́ gbé apá ìfà rẹ̀, ọ̀pá tó lọ bá ìkọ́, sókè: kílò 3 sí 8 ló dára. Tí kò bá tó 3, ẹ̀yìn ló wúwo jù, yóò máa gbé táyà ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ sókè, bíréèkì ò sì ní mú dáadáa. Bí ọmọ nìkan bá jókòó, ẹ má fún táyà tírélà ní afẹ́fẹ́ tó pọ̀ jù lára ìwọ̀n tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Táyà tó le lábẹ́ ẹrù fúyẹ́ máa ń fò, ibẹ̀ ló sì ti ń dojú dé. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, tàbí tí kò lè gbé orí rẹ̀ dúró pẹ̀lú akoto, kò gbọ́dọ̀ wọ inú rẹ̀. Ẹ wò ó bóyá ẹ̀yìn ìjókòó ní àyè fún akoto. Bí kò bá ní, akoto á máa ti orí ọmọ síwájú, àgbọ̀n rẹ̀ á kan àyà.

Ẹrù ọgbà ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Lítà omi kan, kílò kan. Kẹ́ẹ̀gì lítà 20 tí ó dé ìdajì léwu ju èyí tó kún lọ, nítorí omi inú rẹ̀ ń ṣàn sọ́tùn-ún sósì nígbà tí ẹ bá ń yà. Kẹ́ẹ̀gì lítà 10 méjì tó kún dẹ́nu ló sàn. Àpò ajílẹ̀ tí òjò pa wúwo ju bó ṣe rí lójú, ẹ wọ̀n ọ́n. Ẹ tẹ́ tapólì sísàlẹ̀, torí iyanrìn tó bá wọ ìdè bẹ́líìtì kì í jẹ́ kí ó há mọ́: omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, ẹ má fi òróró sí i. Tí ẹ bá gbé ọmọ tòmátò tí ẹ fẹ́ lọ lọ́, ẹ ti iwájú pa, afẹ́fẹ́ ọ̀nà ń mú kí ewé rẹ̀ rọ. Ọkọ́ àti ọ̀bẹ ò bá ọmọ gbé.

Tírélà fẹ̀ ju kẹ̀kẹ́ lọ, ó sì ń gé kọ́nà. Táyà inú kọ́nà á gun etí títì, gbogbo rẹ̀ á dojú dé. Ẹ dín eré kù sí kìlómítà 10 ní wákàtí kí ẹ tó yà, kí ẹ sì fi àpò iyẹ̀pẹ̀ kílò 20 dánra wò kí ọmọ tó wọlé.

Àléébù rẹ̀ ò pọ̀. Ìbòrí ike iwájú ń mú ooru, nítorí náà ẹ ká a sókè, kí ẹ fi nẹ́ẹ̀tì nìkan sílẹ̀. Bọ́tìnnì tó ń di táyà mú ń há tí ekuru bá wọ̀ ọ́. Ẹ fa táyà kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó gbéra. Tí ẹ bá ká a nígbà tó tutù, aṣọ rẹ̀ á bu, òórùn rẹ̀ kì í sì í tètè lọ. Mi ò ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti ra èyí tí táyà rẹ̀ jẹ́ 16 íńṣì tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ aṣọ: kòtò kékeré ń gbé e mì, àpò ajílẹ̀ kan ṣoṣo ti tó láti mú kí aṣọ náà tẹ̀ sísàlẹ̀. Ẹni tí ọgbà rẹ̀ wà lẹ́yìnkùlé kò nílò rẹ̀ rárá, bàrò ti tó o.