Rọ́bà gaara tó tú àṣírí katakata mi

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pààrọ̀ fílítà tó ń sẹ́ dísẹ̀lì kí n tó gbà pé fílítà ò mọwọ́ mẹsẹ̀. Belarus MTZ-80 ni katakata ọ̀hún, irú èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní Minsk lọ́dún 1974, onísílíńdà mẹ́rin. Ó ti dàgbà, àmọ́ egungun rẹ̀ ṣì le. Wàhálà rẹ̀ ò ju ẹyọ kan lọ: bí táǹkì bá kún, á ṣiṣẹ́ bí ọ̀dọ́, bí epo bá ti wálẹ̀ dé ìdajì, á bẹ̀rẹ̀ sí í mí hẹlẹhẹlẹ, á kú. Màá tú bóòtù orí fílítà díẹ̀, màá fọwọ́ tẹ pọ́ǹpù kékeré tó ń fa epo láti táǹkì, afẹ́fẹ́ á jáde, á jí. Kò ní pẹ́ tí á tún kú.

Mẹkáníìkì mi ti ní, "Bàbá, pọ́ǹpù ńlá ló ti lọ yẹn o. Ẹ jẹ́ ká tú u sọ̀kalẹ̀." Èyí tó ń ti epo lọ sí ẹ́ńjìnnì ló ń wí. Ọpẹ́lọpẹ́ rọ́bà tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí.

Kò ju rọ́bà dísẹ̀lì tó mọ́ gaara lọ, mítà méjì, òun àti kílíìpù mẹ́rin nínú ọ̀rá. Ẹnu rẹ̀ le, àfìgbà tí mo rì í bọ omi gbígbóná kó tó gbà láti wọ páìpù. Mo yọ rọ́bà dúdú tó ti ẹnu táǹkì wá, mo fi èyí rọ́pò rẹ̀, mo ṣáná sí i. Dísẹ̀lì ń lọ geere, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Mo wá gbé e síwájú, sí àárín pọ́ǹpù kékeré àti fílítà ìsàlẹ̀ tó máa ń gba omi àti ìdọ̀tí dúró. Háà! Afẹ́fẹ́ wínníwínní ń tò tẹ̀lé ara wọn bí ẹyin ẹja.

Òrùka rọ́bà tó wà lẹ́nu ife fílítà ìsàlẹ̀ yẹn ló ti tẹ́ pẹlẹbẹ, ó gan bí ike. Èmi tí mo pààrọ̀ tòkè lẹ́ẹ̀mẹta, mi ò fọwọ́ kan tìsàlẹ̀ rí. Epo ò kán sílẹ̀ níbẹ̀ rárá, ohun tó ṣì mí lọ́nà nìyẹn. Láti táǹkì dé pọ́ǹpù kékeré, fífà ni wọ́n ń fa epo, torí náà ibi tó bá lu, afẹ́fẹ́ ló máa ń gbà wọlé. Bí táǹkì bá sì kún, epo á fẹ́rẹ̀ẹ́ bá pọ́ǹpù dọ́gba, kò ní gba fífà púpọ̀.

Ibi tí mo ti ní ẹjọ́ ni kílíìpù. Wọ́n fẹ́lẹ́ bí páálí, ọ̀kan gé rọ́bà wọlé kí n tó fún un tán. Bí mi ò bá tètè rí i, rọ́bà àyẹ̀wò fúnra rẹ̀ ni ì bá máa fa afẹ́fẹ́. Wọ́n tún kọ ọ́ sára ọ̀rá pé èèyàn lè fi í síbẹ̀ gbére. Irọ́ ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo fi sílẹ̀, ó ti pọ́n bí ewé gbígbẹ, ó sì gan. Ẹ má sì dán an wò láàárín pọ́ǹpù ńlá àti nọ́sù tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì o: dísẹ̀lì ibẹ̀ lágbára tó láti gún awọ ara wọlé.

Fún wíwá ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, mo fún un ní mẹ́rin nínú márùn-ún. Mo ti fi rọ́bà dúdú tuntun síbẹ̀, èyí gaara wà ní kíká nínú àpótí sípánà. Àwọn kílíìpù wà nínú garawa tí mò ń kó irin tó ti dípẹtà sí.