Ẹ̀rọ Tẹ́tẹ́ Tó Ń Béèrè Ìmọ̀ọ́ṣe: Ohun Tí Mo Rí Nínú Gbọ̀ngàn Kan ní Wuse 2

Sátidé méjì tẹ̀ léra ni èmi àti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fi lọ sí gbọ̀ngàn tẹ́tẹ́ kan ní Wuse 2, ní Àbújá, nítorí ó ti ń sọ fún mi pé wọ́n gbé ẹ̀rọ tuntun dé, èyí tí ọwọ́ àti ojú ẹni tó jókòó sídìí rẹ̀ ní ipa nínú ohun tí yóò jẹ, tí kì í ṣe pé èèyàn kàn ń tẹ bọ́tìnnì kí ó máa wo àwòrán tó ń yí. Iṣẹ́ ìṣirò owó ni mo ń ṣe, n kì í sì í ta tẹ́tẹ́. Ìṣirò inú ẹ̀rọ náà ni mo fẹ́ mọ̀. N kò ní dárúkọ gbọ̀ngàn náà, torí pé ohun tí mo fẹ́ sọ kan gbogbo irú rẹ̀.

Ibẹ̀ mọ́ tónítóní, iná kò sì já lójú wa. Ọmọbìnrin tó gbà wá lálejò, ọmọ Ọ̀fà, kúnlẹ̀ kí mi nígbà tó gbọ́ èdè tí à ń sọ, ó sì béèrè káàdì ìdánimọ̀ lọ́wọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kí ó tó jẹ́ kó wọlé. Mo yìn wọ́n fún ìyẹn.

Bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. ₦100 ni owó títa ẹ̀ẹ̀kan. Àwòrán mẹ́ta yóò yí, wọn yóò sì dúró fúnra wọn. Oríire lásán nìyẹn, kò sí ohun tí ọwọ́ yín lè ṣe sí i. Bí àwòrán bá bára mu, ojú ẹ̀rọ yóò di odò tí ẹja ń wẹ̀ kọjá nínú rẹ̀, a ó sì fún yín ní ìṣẹ́jú àáyá 30 láti yìnbọn sí iye ẹja tí ẹ bá lè bà. Iye tí ẹ bà ni yóò sọ iye owó tí ẹ óò gbà. Oríire ló ń ṣílẹ̀kùn, ìmọ̀ọ́ṣe ló ń wọn ohun tí ẹ óò kó jáde.

Ìgbà 60 ni mo ta, òun náà ta ìgbà 60. ₦6,000 jáde lápò mi, ₦3,400 ló padà. ₦6,000 jáde lápò tirẹ̀, ₦5,650 ló padà. Mo mọ̀ pé ìgbà 60 kéré jù láti fi dá ẹ̀rọ lẹ́jọ́, ṣùgbọ́n mo ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bí ó ṣe ń lọ, mo sì rí i pé iye ìgbà tí odò ẹja ṣí fún àwa méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ọwọ́ ló yà wá. Òun ti ń ta géèmù lórí fóònù láti kékeré. Ní tèmi, kí n tó rí ẹja, ó ti kọjá. Nítorí náà, ẹ̀rọ náà kò purọ́ nígbà tó ní òun ń béèrè ìmọ̀ọ́ṣe.

Nídìí ayò ọlọ́pọ́n, ẹni tó mọ̀ ọ́n ta là ń pè ní ọ̀ta, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ni òpè, a sì máa ń sọ pé ọ̀ta ń jẹ́, òpè kò gbọdọ̀ fọhùn. Ṣùgbọ́n nídìí ọpọ́n, òpè mọ ara rẹ̀ ní òpè, kò sì sí ẹnì kẹta tó ń gbowó lọ́wọ́ òun àti ọ̀ta. Níbí, onílé tẹ́tẹ́ ni ẹnì kẹta náà, ìdí nìyí tí òfin fi gbọ́dọ̀ bá òpè sọ̀rọ̀. Ní ìpínlẹ̀ Nevada ní Amẹ́ríkà, níbi tí Las Vegas wà, wọ́n ṣòfin ní 2015 láti fàyè gba irú ẹ̀rọ yìí, kí àwọn ọ̀dọ́ tó dàgbà sídìí géèmù lè rí ohun tó wù wọ́n nínú kasínò. New Jersey gbé ìlànà tirẹ̀ jáde ní 2016. Iye tó kéré jù tí òfin Nevada ní kí a ṣètò ẹ̀rọ tẹ́tẹ́ láti dá padà ni ìdá 75 nínú 100 owó tí a fi ta á. Ti New Jersey jẹ́ ìdá 83. Ṣùgbọ́n bí ìmọ̀ọ́ṣe bá ní ipa nínú ẹ̀rọ náà, ọ̀nà ìtayò tó ń mówó wọlé jù lọ fún atayò ni Nevada fi ń wọn ìdá 75 yẹn. Ọ̀ta ni wọ́n wọ̀n ọ́n fún. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ lọ́ra bíi tèmi lè gba èyí tó kéré sí i gan-an, kí ẹ̀rọ náà má sì rú òfin kankan.

Bí a bá máa ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ fún Àbújá, ibẹ̀ yẹn gan-an ni mo fẹ́ kí a ti ṣe jù wọ́n lọ: kí a kọ nọ́ńbà méjì sójú ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, ìdá tí yóò padà sọ́wọ́ ọ̀ta àti ìdá tí yóò padà sọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ta rárá.

Ohun kan wà tí a lè gbà lọ́wọ́ wọn bó ṣe wà. Ní Nevada, bí ẹnì kan bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹ̀ẹ̀kan, a kò gbọdọ̀ yí ìlànà rẹ̀ padà títí yóò fi parí. Bí ìlànà bá sì yí láàrin ìtayò kan sí èkejì, a gbọ́dọ̀ kọ ọ́ síbi tí ẹni náà yóò ti rí i. Ní Sátidé kejì, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wò mí, ó ní, "Bọ̀dá, àwọn ẹja yìí yára ju ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá lọ." Mo béèrè lọ́wọ́ ọmọ Ọ̀fà bóyá wọ́n yí nǹkan kan padà. Ó ní, "Ẹ má bínú, sà, wọn kì í sọ fún wa." Kò sí àkọlé kankan lára ẹ̀rọ náà.

Ní ọjọ́ 22 oṣù kọkànlá ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ní Nàìjíríà fagi lé òfin lọ́tìrì ìjọba àpapọ̀ ti 2005, ó ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀ kò láṣẹ láti ṣòfin lórí lọ́tìrì àti tẹ́tẹ́ oríire fún àwọn ìpínlẹ̀, àyàfi fún Olú-ìlú Àpapọ̀. Àwa tí a wà ní Àbújá, ọwọ́ Ilé Ìgbìmọ̀ náà la ṣì wà. Ẹni tó bá kọjá Nyanya dé Mararaba ti bọ́ sábẹ́ òfin Nasarawa. Ẹni tó bá kọjá Zuba dé Suleja ti wọ Niger, ọ̀kan lára ìpínlẹ̀ 12 tó ń lo Ṣàríà. Tẹ́tẹ́ oríire ni ẹjọ́ náà dárúkọ. Ẹ̀rọ tí ìdajì rẹ̀ jẹ́ oríire, tí ìdajì jẹ́ ìmọ̀ọ́ṣe, ó yẹ kí àwọn aṣòfin sọ ibi tó bọ́ sí kí onílé tẹ́tẹ́ tó fúnra rẹ̀ sọ ọ́.

Mo kọ ìwé sílẹ̀ fún ọ̀gá gbọ̀ngàn náà, mo béèrè nọ́ńbà méjì yẹn àti ọjọ́ tí wọ́n yí ìyára ẹja padà, bí wọ́n bá yí i. Ọmọ Ọ̀fà fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó sì kọ nọ́ńbà fóònù mi sẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé, ẹnikẹ́ni kò tíì pè mí.