Ìwé alaalẹ́ tàbí kíka ọjà lóṣooṣù: èwo ló ń sọ òótọ́ nípa òwò rẹ?

Ọ̀nà méjì ló wà fún ẹni tó ń ta àdìrẹ l'Óṣogbo tó fẹ́ mọ̀ bóyá òwò òun ń lọ síwájú. Ó lè máa kọ owó tó wọlé àti èyí tó jáde sínú ìwé lálaalẹ́. Ó sì lè ti ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kó ka gbogbo aṣọ tó kù.

Ìwé kì í gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Òun ló ń tú àṣírí owó kéékèèké: owó ọ̀kadà, owó ìrẹsì ọ̀sán, ẹgbẹ̀rún méjì tí àbúrò yá tí kò dá padà. Ká sọ pé o ta aṣọ 5 ní ₦8,000 lọ́kọ̀ọ̀kan, ₦40,000 wọlé nìyẹn. Bí aṣọ funfun, aró àti owó iṣẹ́ bá ti gba ₦30,000, ₦10,000 péré ló kù, o ò sì tíì yọ owó ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tí kò kọ ọ́ sílẹ̀ á máa ná ₦40,000 bí ẹni pé èrè ni gbogbo ẹ̀.

Kíka ọjà máa ń rẹni, àmọ́ ó ń rí ohun tí ìwé ò rí: aṣọ tó sọnù, àwọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò bèèrè, owó tó há sórí pẹpẹ. Bí oṣù Kẹjọ tí ọdún Ọ̀ṣun ń kó àlejò wá bá ń bọ̀, òun ló máa sọ iye aṣọ tó yẹ kó o pa láró.

Èmi á kọ́kọ́ mú ìwé, torí àwìn lè pa òwò kéékèèké, inú ìwé la sì ti ń rí i. Ṣùgbọ́n kí oṣù Keje tó parí, màá ka ọjà, bó ti wù kó rẹ̀ mí tó.