ÌKÌLỌ̀: Ẹ̀yin tí ẹ ń sanwó ìpolówó Google, ta ló ni àdírẹ́sì tó wà lórí ìpolówó yín?

Ẹ̀yin ọlọ́jà ẹgbẹ́ mi, ẹ kú ọrọ̀ ajé o. Bí ẹ bá ti kó owó fún ẹnikẹ́ni pé kó máa bá yín polówó lórí Google, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó ka ọ̀rọ̀ yìí tán, ẹ gba fóònù ẹlòmíì, ẹ tẹ orúkọ ṣọ́ọ̀bù yín sínú Google, kí ẹ wo àdírẹ́sì tó hàn lórí ìpolówó tó bá jáde. Ẹ má tẹ ìpolówó náà fúnra rẹ̀ o. Gbogbo ìgbà tí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́ ni Google ń yọ owó, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ owó yín ni. Àdírẹ́sì nìkan ni kí ẹ kà, lẹ́tà-lẹ́tà. Ṣé tiyín ni, àbí ó kàn jọ tiyín?

Jìbìtì kan wà níta báyìí tí kì í pariwo. Ajẹ́ńsì ìpolówó á gba iṣẹ́ lọ́wọ́ yín, á fi orúkọ ṣọ́ọ̀bù yín ra àdírẹ́sì mìíràn fún ara rẹ̀, á da àwòrán ọjà yín sórí rẹ̀, á wá máa fi owó yín polówó àdírẹ́sì tirẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ bá ń san, ìpè á máa wọlé, ẹ ò sì ní fura. Ọjọ́ tí ẹ bá dáwọ́ owó dúró, wọ́n á darí àwọn oníbàárà yẹn sọ́dọ̀ ẹlòmíì tó ń ta irú ọjà yín, pẹ̀lú orúkọ yín lójú ewé náà.

Àǹtí wa kan tó ń ta àga àti bẹ́ẹ̀dì ní agbègbè Bódìjà n'Ìbàdàn ló ṣẹlẹ̀ sí. Ó ti ní ìkànnì tirẹ̀ tẹ́lẹ̀, tó parí sí .com.ng. Àwọn ajẹ́ńsì yìí ní ìkànnì náà ń falẹ̀ lórí fóònù, pé àwọn á bá a ṣe ojú-ewé kan fún ìpolówó nìkan. Wọ́n ṣe é, ó sì rẹwà. Àga rẹ̀ ni, àwòrán tí ọmọ rẹ̀ yà ni, orúkọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni wọ́n kọ gàdàgbà sókè. Ohun méjì péré ni kì í ṣe tirẹ̀ níbẹ̀. Àkọ́kọ́ ni nọ́ńbà fóònù, tí wọ́n ní àwọn fi ń ka iye ìpè tó wọlé kó tó bọ́ sọ́dọ̀ rẹ̀. Èkejì ni àdírẹ́sì: orúkọ ṣọ́ọ̀bù náà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi àmì "-" sí i, wọ́n wá kọ ibadan.com tẹ̀ lé e.

Nígbà tí ọjà dẹwọ́ lẹ́yìn ọdún Kérésì, ó ní kí wọ́n dá ìpolówó náà dúró ná. Wọ́n ní kò burú. Ní Sátidé kan báyìí ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan wọlé wẹ́rẹ́, ó na fóònù sí i.

"Ẹ kú ọjà, mà. Bẹ́ẹ̀dì mi ni mo wá gbé. Mo ti san ìdajì owó."

"O san án fún ta, ọmọ mi?"

"Àkáǹtì tí ẹ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp ni, mà. Ẹ wò ó, ṣọ́ọ̀bù yín náà rèé."

Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni lóòótọ́. Ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé tí ọmọ yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà wọlé gan-an ló wà nínú àwòrán. Wọ́n pe nọ́ńbà tó wà lábẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ lójú ẹsẹ̀, wọ́n sì gbé fóònù sí gbangba. Ẹni tó gbé e dárúkọ ṣọ́ọ̀bù mìíràn kó tó rántí ara rẹ̀, ó wá yára dárúkọ ti àǹtí wa. Mi ò ní dárúkọ ajẹ́ńsì náà níbí, torí ọ̀rọ̀ ti wà lọ́wọ́ lọ́yà.

Ìbéèrè tí gbogbo èèyàn ń bi mí ni pé ṣé Google ò lófin ni. Ó lófin, òfin náà sì le. Láti oṣù kẹrin ọdún 2008 ni wọ́n ti ń fi ọwọ́ líle mú un pé dómèènì (ìyẹn orúkọ ìkànnì, títí dé .com tàbí .ng tó parí sí) tó bá hàn lórí ìpolówó gbọ́dọ̀ jẹ́ dómèènì ibi tí ìpolówó náà ń gbé èèyàn lọ. Láti 2016, wọn kì í tilẹ̀ jẹ́ kí olùpolówó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ dómèènì náà mọ́. Ẹ̀rọ wọn ló ń yọ ọ́ láti inú àdírẹ́sì ibi tí ìpolówó ń lọ. Kìkì ohun tó kù fún olùpolówó láti kọ ni ọ̀rọ̀ kékeré méjì tó máa ń wà lẹ́yìn àmì "/", èyí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò gbọ́dọ̀ ju lẹ́tà 15 lọ.

Ẹ wá wo bí àwọn èèyàn yìí ṣe gba abẹ́ òfin náà kọjá. Dómèènì tó hàn lórí ìpolówó ni èyí tó ní "-ibadan" nínú. Ibi tó gbé èèyàn lọ náà ni èyí tó ní "-ibadan" nínú. Wọ́n bára mu rẹ́gí. Òfin àdírẹ́sì kì í bèèrè pé ta ló ni orúkọ ṣọ́ọ̀bù. Ohun tó ń bèèrè ni pé ṣé ibi tí o pè ni o ń mú oníbàárà lọ. Olè tó bá ti fi owó ra dómèènì tirẹ̀ kò ní wàhálà kankan pẹ̀lú irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Lójú tèmi, ibi tí ewu wà gan-an nìyẹn: ọ̀pọ̀ wa rò pé bí Google bá ti fọwọ́ sí àdírẹ́sì kan, ó ti fọwọ́ sí ẹni tó ni ín.

Àwọn ọ̀rọ̀ kékeré méjì ẹ̀yìn "/" yẹn náà, ẹ má kà wọ́n sí ẹ̀rí. Kò pọn dandan kí ojú-ewé tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ wà rárá. Ẹni tó bá wù lè kọ /Ojulowo/Bodija síbẹ̀. Olùpolówó ló ń kọ ọ́, gẹ́gẹ́ bó ṣe ń kọ ìyókù ìpolówó.

Bí a ṣe ń ka dómèènì nìyí. Ẹ wá ibi tí .com tàbí .com.ng tàbí .ng wà, kí "/" tó ya á sọ́tọ̀ kúrò lára ìyókù. Ọ̀rọ̀ tó wà lápá òsì rẹ̀ gẹ́lẹ́, òun pẹ̀lú .com náà, ni onílé. Ohun yòówù tó bá tún wà lápá òsì ìyẹn, tí àmì ìdánudúró pín níyà, yàrá inú ilé onílé yẹn ni. Nítorí náà, bí orúkọ ṣọ́ọ̀bù yín bá ṣáájú, tí dómèènì ẹlòmíì sì tẹ̀ lé e, ẹlòmíì yẹn ló nilé. Àmì "-" ní tirẹ̀ kì í pín nǹkan kan níyà. Bí wọ́n bá fi í so ibadan tàbí lagos tàbí shop mọ́ orúkọ yín, dómèènì ọ̀tọ̀ pátápátá ló dà, ẹnikẹ́ni tó bá sì lówó lọ́wọ́ lè rà á láìbèèrè lọ́wọ́ yín.

Kì í ṣe àwa oníṣòwò kéékèèké nìkan ni wọ́n ń fi àdírẹ́sì mú. Ní oṣù kìíní 2025, ilé-iṣẹ́ ààbò kọ̀ǹpútà Malwarebytes tú àṣírí ìpolówó èké kan tó ń pe ara rẹ̀ ní Google Ads, lórí Google fúnra rẹ̀. Àwọn tó ń wá ibi tí wọ́n á gbà wọ àkáǹtì ìpolówó wọn ni wọ́n dẹ pańpẹ́ fún. Àdírẹ́sì tó hàn lórí ìpolówó náà ni ads.google.com. Ibi tó gbé èèyàn lọ ni ojú-ewé tí àwọn ọ̀daràn náà kọ́ sórí sites.google.com, níbi tí ẹnikẹ́ni tó bá ní àkáǹtì Google ti lè kọ́ ojú-ewé. Google.com ni dómèènì méjèèjì, nítorí náà wọ́n bá òfin mu. Láti ojú-ewé yẹn ni wọ́n ti ń darí èèyàn síbi ìwọlé ayédèrú, ọ̀rọ̀ aṣínà á sì bá a lọ. Àkáǹtì tí wọ́n bá jí ni wọ́n tún fi ń polówó láti jí òmíràn, owó ẹni tó ni àkáǹtì ló sì ń lọ. Ẹ̀yin tí ẹ bá ní àkáǹtì, ẹ má ṣe wá a lórí Google láti wọlé mọ́. Ẹ fọwọ́ yín tẹ ads.google.com sókè, kí ẹ sì fi í pamọ́ sórí fóònù.

Èyí tó wáyé ní oṣù kẹwàá 2023 burú ju ìyẹn lọ. Àwọn kan fi ìpolówó Google ṣe bí ẹni pé àwọn ni KeePass, ètò kọ̀ǹpútà tí àwọn èèyàn fi ń tọ́jú ọ̀rọ̀ aṣínà. Àdírẹ́sì ojúlówó ló hàn lórí ìpolówó náà. Ẹ̀yìn ìgbà tí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́ tán ni yóò tó bá ara rẹ̀ lórí àdírẹ́sì mìíràn tó jọ ọ́ bí ìbejì, àfi àmì bíńtín kan tó wà lábẹ́ k. Àwa tí wọ́n ti ń nà torí àmì abẹ́ ẹ àti ọ láti ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló yẹ ká kọ́kọ́ rí irú rẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ rí i lójú fóònù tó ti sán? Àdírẹ́sì tí ẹ bá rí lẹ́yìn tí ojú-ewé bá ṣí tán ni kí ẹ tún kà, kí ẹ tó fi nọ́ńbà káàdì tàbí owó síbẹ̀.

Ajẹ́ńsì míì á sọ fún yín pé àdírẹ́sì tó ń gba ọ̀nà ẹ̀bùrú kọjá, torí kí àwọn lè ka iye èèyàn tó tẹ ìpolówó ni. Kíkà yẹn kò lòdì sófin, ṣùgbọ́n orí dómèènì yín ló gbọ́dọ̀ parí sí.

Bí ẹ ṣe lè mọ ẹni tó wà nídìí ìpolówó rèé. Àmì ìdánudúró mẹ́ta kan máa ń wà lórí ara wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìpolówó. Ẹ tẹ ìyẹn, kò ná yín ní kọ́bọ̀. Orúkọ olùpolówó tí Google ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ á jáde, pẹ̀lú orílẹ̀-èdè rẹ̀. Ní ti àǹtí wa, orúkọ ajẹ́ńsì ló wà níbẹ̀. Láti 2023 ni adstransparency.google.com náà ti wà: ẹ tẹ dómèènì tí ẹ bá fura sí síbẹ̀, kí ẹ rí àwọn ìpolówó tí wọ́n ń gbé jáde lórí rẹ̀. Torí orúkọ tó ń hàn yìí kan náà ni mo ṣe ń bẹ̀ yín pé kí ẹ má gbé ìwé CAC àti NIN yín fún ajẹ́ńsì kó fi dá àkáǹtì sílẹ̀ lábẹ́ ímeèlì tirẹ̀. Bó bá fi ṣe ẹ̀tàn tí Google sì ti àkáǹtì náà pa, orúkọ yín ló bà jẹ́.

Ẹ dá àkáǹtì Google Ads sílẹ̀ pẹ̀lú ímeèlì tiyín, kí ẹ wá fún ajẹ́ńsì láyè láti ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Àkáǹtì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà oníka mẹ́wàá. Ẹ bèèrè rẹ̀. Òfin Google fún àwọn tó ń bá èèyàn polówó sọ pé kí wọ́n fún oníbàárà wọn ní nọ́ńbà yìí bó bá bèèrè, kí wọ́n sì máa jẹ́ kó mọ iye owó tó lọ, iye ìgbà tí ìpolówó hàn àti iye ìgbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Ẹni tó bá ní "ilé-iṣẹ́ wa kì í ṣe bẹ́ẹ̀", ẹ kí i pé ó dàbọ̀. Dómèènì náà, orúkọ yín ni kó wà lórí rẹ̀, pẹ̀lú ímeèlì tí ẹ̀yin nìkan mọ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀. Rísíìtì tí ajẹ́ńsì bá fún yín pé òun ti "ra dómèènì" kò sọ pé orúkọ ta ló fi rà á.

Bó bá ti ṣẹlẹ̀, ẹ ya àwòrán gbogbo rẹ̀ kí wọ́n tó pa á rẹ́: ìpolówó, àdírẹ́sì, nọ́ńbà, àkáǹtì báńkì. Ẹ fi ẹjọ́ sun Google lórí ìpolówó náà. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ lẹ́tà, kì í ṣe ìpè orí fóònù o, lẹ́tà, pé kí wọ́n dá dómèènì náà padà. Abala 25 nínú òfin ìwà ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà ti Nàìjíríà, ti ọdún 2015, sọ pé ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ fi orúkọ òwò ẹlòmíì ṣe dómèènì láìgbàṣẹ lè ṣẹ̀wọ̀n tí kò ju ọdún 2 lọ, tàbí kó san owó ìtanràn tí kò ju mílíọ̀nù 5 náírà lọ, tàbí méjèèjì. Ọ̀kan nínú ohun tí adájọ́ sì máa ń wò ni pé ṣé wọ́n ti bèèrè dómèènì náà padà lọ́nà tó tọ́, tí ẹni náà sì kọ̀. Bí ó bá parí sí .ng, NiRA tó ń bójú tó .ng ní ìlànà tí wọ́n fi ń yanjú irú ìjà bẹ́ẹ̀. Ti .com wọ́n. Owó tí WIPO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ohun-ìní ọpọlọ, ń gbà fún ẹjọ́ dómèènì kan lọ́dọ̀ adájọ́ kan jẹ́ 1,500 dọ́là, ìdí nìyẹn tí lọ́yà àǹtí wa fi kọ́kọ́ gbé abala 25 lé wọn lójú.

Lẹ́tà náà ti lọ. Ìpolówó ti kúrò lójú Google, ṣùgbọ́n ojú-ewé náà ṣì ń ṣí, nọ́ńbà náà sì ṣì ń wọlé. Ẹ̀yin tó fẹ́ ra àga tàbí bẹ́ẹ̀dì ní agbègbè Bódìjà, ẹ má fi owó ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni lórí WhatsApp kí ẹ tó dé ṣọ́ọ̀bù.