Àgbéyẹ̀wò ètò àjẹsára ọmọdé ní ilé ìgbẹ̀bí kan ní Ìlọrin

Ilé ìgbẹ̀bí ìjọba tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ wà ní ìgboro Ìlọrin àtijọ́, kò jìnnà sí Ọjà Ọba, láàrin àwọn agboolé tí ògiri wọn kan ara wọn. Ilé náà fúnra rẹ̀ kò yàtọ̀ sí àwọn yòókù. Ètò àjẹsára tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ ni mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò, nítorí pé wọ́n tún un tò lẹ́yìn tí obìnrin onímọ̀ kan, tó ń ṣèwádìí bí àṣà àti ìgbé-ayé àwọn èèyàn ṣe kan ìlera wọn, ti wá jókòó ti àwọn ìyá ọmọ ní àdúgbò náà fún ìgbà pípẹ́. Ibẹ̀ ni ọmọ àbúrò mi obìnrin ti ń gba abẹ́rẹ́, mo sì gbà pé ó yẹ kí àwọn òbí mìíràn mọ ohun tó dára níbẹ̀ àti ohun tó kù díẹ̀ káàtó.

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tí kò gba àjẹsára, ohun tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé àwọn òbí ń bẹ̀rù tàbí pé ojú wọn kò là. Ìbẹ̀rù náà ní ìtàn. Ní 1996, ilé-iṣẹ́ apoògùn Pfizer dán oògùn kan tó ń jẹ́ Trovan wò lára àwọn ọmọ tí àrùn lọ́rùnlọ́rùn ń bá jà ní Kánò. Nígbà tó di 2003 tí ìpínlẹ̀ Kánò dá àjẹsára rọpárọsẹ̀ dúró, ọ̀rọ̀ yẹn kò tíì kúrò lọ́kàn àwọn èèyàn. Síbẹ̀, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ àwọn àfáà àti àwọn ọba alayé, a rẹ́yìn irú kòkòrò rọpárọsẹ̀ tó ń jà kiri láti àtètèkọ́ṣe, wọ́n sì kéde ní oṣù Ògún 2020 pé ó ti kúrò ní Áfíríkà. Bí ó bá jẹ́ pé ìbẹ̀rù nìkan ni ìdíwọ́, ó yẹ kí nǹkan ti dẹrùn láti ìgbà náà, ṣùgbọ́n ìṣirò WHO, àjọ ìlera àgbáyé, àti UNICEF, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọmọdé, fún ọdún 2023 fi hàn pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 2.1 ọmọ ní Nàìjíríà ni kò gba ẹyọ kan nínú abẹ́rẹ́ alápapọ̀ tí ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà máa ń bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi fara mọ́ irú iṣẹ́ tí onímọ̀ yìí ṣe: kò wá kọ́ àwọn ìyá lẹ́kọ̀ọ́, ó wá bi wọ́n léèrè.

Ogójì ọjọ́ ni ohun àkọ́kọ́ tó rí. Gẹ́gẹ́ bí ètò ìjọba, ó yẹ kí ọmọ gba abẹ́rẹ́ ikọ́ ife, ẹ̀kán àkọ́kọ́ ti rọpárọsẹ̀ àti abẹ́rẹ́ jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ ní kété tí wọ́n bá bí i. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ agboolé nígboro wa, obìnrin tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ kì í jáde títí ogójì ọjọ́ yóò fi pé, nítorí náà ọmọ tí wọ́n bá bí sílé kì í rí abẹ́rẹ́ ìbí gbà. Nínú ìwé àwọn òṣìṣẹ́, aláìbìkítà ni wọ́n ń pe irú àwọn ìyá bẹ́ẹ̀. Àwọn ìyá kan náà ló sì ń dé wẹ́rẹ́ fún abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, nítorí pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà jẹ́ ọjọ́ méjìlélógójì, wọ́n sì ti lẹ́tọ̀ọ́ láti jáde nígbà náà. Kò sí ẹni tó kọ abẹ́rẹ́ nínú wọn. Kàlẹ́ńdà méjì ló ń figa gbága nínú ilé kan ṣoṣo.

Ní báyìí, nọ́ọ̀sì ló ń gbé àpótí yìnyín lọ bá wọn nílé, nígbà mìíràn ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ gan-an, lẹ́yìn tí àwọn àfáà bá ti ṣe àdúà tán. Kì í bá ìyá ọmọ sọ̀rọ̀ ṣáájú o. Ìyá ọkọ ló máa ń kọ́kọ́ kí. Ìṣojú mi ni ìyá àgbà kan ṣe bi í pé, “Àǹtí nọ́ọ̀sì, ṣé oòrùn tó mú yìí kò tíì ba nǹkan inú ìgò yẹn jẹ́?” Nọ́ọ̀sì kò bínú. Ó kúnlẹ̀, ó fi àmì òbìrí kékeré ara ìgò rọpárọsẹ̀ hàn án, ó ní, “Màmá, ẹ wo igun mẹ́rin tó wà láàrin rẹ̀ yìí. Ó ṣì funfun ju òbìrí tó yí i ká lọ, ó dáa nìyẹn. Bí ooru bá ti bà á jẹ́, á dúdú bíi tirẹ̀, a ò sì ní lò ó mọ́.” Ìyá àgbà wọ awò ojú, ó wò ó fínnífínní, ó gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sì la ẹnu ọmọ náà fún un. N kò rò pé ìwé ìléwọ́ kankan lè ṣe ohun tí ìṣẹ́jú díẹ̀ yẹn ṣe.

Ohun kejì tó mú mi yin ibẹ̀ ni pé wọ́n ń ṣí ìgò fún ọmọ kan ṣoṣo. Ẹni tí kò bá tíì bá a pàdé lè má mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ti tóbi tó. Ìgò abẹ́rẹ́ èèyi sábà máa ń tó ọmọ mẹ́wàá, ti ikọ́ ife máa ń tó ogún, lẹ́búlẹ́bú ni wọ́n sì máa ń wà títí wọn yóò fi po wọ́n. Bí wọ́n bá ti pò wọ́n, wọn kò gbọdọ̀ lò wọ́n kọjá wákàtí mẹ́fà. Nítorí kí ó má baà ṣòfò, àwọn òṣìṣẹ́ kan a ní kí ìyá padà wá lọ́jọ́ tí ọmọ bá pé, bẹ́ẹ̀ ìlànà WHO ni pé kí wọ́n ṣí ìgò èèyi bó tilẹ̀ jẹ́ ọmọ kan ló dé. Níbòmíràn tí a kọ́kọ́ gbé ọmọ wa lọ, wọ́n dá wa padà, wọ́n tún gba owó káàdì lọ́wọ́ wa, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀fẹ́ ni ìjọba fi àjẹsára yìí ṣe. Ìyá tó wọ ọ̀kadà láti Olóje, tó pa ọjà rẹ̀ tì, tí wọ́n dá padà bẹ́ẹ̀, bí kò bá padà wá mọ́, ta ni a fẹ́ bá wí?

Wọ́n tún máa ń ṣàlàyé ṣáájú pé ara ọmọ lè gbóná lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, àti ohun tó yẹ ní ṣíṣe, kí ẹ̀rù má baà ba ìyá láti wá gba èkejì ní ọ̀sẹ̀ kẹwàá àti ẹ̀kẹta ní ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá. Wọ́n sì ń bá àwọn àfáà ilé kéwú sọ̀rọ̀ nípa abẹ́rẹ́ tó ń dènà jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ, èyí tí Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ní 2023 fún àwọn ọmọbìnrin ọdún mẹ́sàn-án sí mẹ́rìnlá, nítorí pé kì í ṣe gbogbo wọn ni a lè bá ní ilé-ìwé ìjọba.

Àléébù rẹ̀ kò kéré. Nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà, ìdúró sì máa ń pẹ́. Èyí tó dùn mí jù ni ti àwọn ìyá Fúlàní inú àwọn gáà. Òwúrọ̀ ni wọ́n ń gbé wàrà wọ ìgboro wá tà, òwúrọ̀ náà sì ni àjẹsára. Bí ọjà bá fi máa tán, wọ́n ti ti ilẹ̀kùn. Kò tún sí òṣìṣẹ́ kankan níbẹ̀ tó gbọ́ èdè Fúlàní. Onímọ̀ náà ti dámọ̀ràn ọjọ́ ìrọ̀lẹ́ kan lọ́sẹ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n owó ìwádìí tán, òun náà lọ, kò sì sí ẹni tí wọ́n yàn láti máa bá ìbéèrè rẹ̀ lọ. Mo ka èyí sí àbùkù iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, kì í ṣe ti ilé ìgbẹ̀bí nìkan: ẹni tó bá wá bi ìlú léèrè gbọ́dọ̀ fi ẹni tí yóò máa bi í léèrè sílẹ̀ kó tó lọ.

Fún ẹni tó ń gbé nítòsí, mo dámọ̀ràn ibẹ̀ láìṣiyèméjì. Ẹ tètè dé, ẹ mú káàdì ọmọ dání, kí ẹ sì sọ fún wọn bí ó bá jẹ́ ilé ni ẹ bí i sí, kí wọ́n lè mọ èyí tí kò tíì gbà. Ìjọba ìbílẹ̀ ni mo sì ń bẹ̀ pé kí ó fún wọn ní òṣìṣẹ́ kejì tó gbọ́ èdè Fúlàní, kí ó sì fọwọ́ sí ọjọ́ ìrọ̀lẹ́ náà.